Dìgírì Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Di Athletic Trainer: Bí O Ṣe Máa Gbé E Láti Ìbẹ̀rẹ̀

Kí o tó san owó fọ́ọ̀mù sí yunifásítì kankan ní Amẹ́ríkà, mọ èyí: dìgírì àkọ́kọ́ nìkan kò lè sọ ẹ́ di athletic trainer, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú àwọn eléré ìdárayá, níbẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2015 ni àwọn àjọ tó ń darí iṣẹ́ náà pinnu pé másítáàsì ni ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní. CAATE, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà ní àwọn yunifásítì, fún wọn láyè láti yí padà, àyè ọ̀hún sì tán lọ́dún 2022. Láti ìgbà náà, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó tún lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sínú dìgírì àkọ́kọ́ tó máa gbé e dé ìdánwò ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àlàyé àtijọ́ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé ọdún mẹ́rin péré ló ń gbà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ṣírò owó ọmọ, ẹ má gbára lé e. Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Èyí kò túmọ̀ sí pé dìgírì àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan. Inú rẹ̀ ni wàá ti kó gbogbo ohun tí másítáàsì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ jọ: kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì, máàkì tó dára, wákàtí tí o lò létí pápá, àti àwọn ẹni ńlá tó lè jẹ́rìí rẹ. Ẹni tí kò bá kó wọn jọ lásìkò yóò gba ìwé ẹ̀rí tán, yóò tún padà jókòó ní kíláàsì ọdún kìíní láti ka físíìsì. Mo fẹ́ kí ìyẹn má ṣẹlẹ̀ sí ẹ.

Kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà

Athletic trainer kì í ṣe kóòṣì, kì í sì í ṣe ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní eré ìmárale ní jíìmù. Òṣìṣẹ́ ìlera ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kà á sí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1990. Ó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Òun ló ń ṣe ètò kí ìpalára má bàa ṣẹlẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣubú, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá egungun ló ṣẹ́ tàbí iṣan ló fà, òun náà ló sì ń bá a rìn títí ara rẹ̀ fi yá tó padà sórí pápá. Lọ́pọ̀ ìgbà, físíò máa ń pàdé aláìsàn ní kíliníìkì lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Athletic trainer máa ń wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kíní ọdún 2023, ní Cincinnati, Damar Hamlin ti Buffalo Bills, ẹgbẹ́ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, gbá ẹlòmíràn mú lórí pápá, ó dìde, ó sì ṣubú sẹ́yìn. Ọkàn rẹ̀ ti dá iṣẹ́ dúró. Denny Kellington, ọ̀kan nínú àwọn athletic trainer ẹgbẹ́ náà, ló kúnlẹ̀ tó ń fi ọwọ́ tẹ àyà rẹ̀. Wọ́n tún lo ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jí ọkàn. Hamlin yè, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn kan náà. Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà kò lè gbọ́ irú ìtàn yìí kí a má rántí Samuel Okwaraji, tó ṣubú lórí pápá Surulere ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 1989 nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá, tí kò sì dìde mọ́. Nígbà tí o bá rò pé kẹ́místrì le jù, rántí pé irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ni ò ń kàwé fún.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà ní ilé ìwé girama, ní yunifásítì, ní ẹgbẹ́ tó ń fi eré jẹun, ní ológun, ní ọsibítù, àní ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ẹrù wúwo. Ìrọ̀lẹ́, Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi ni eré ìdárayá máa ń pọ̀ jù. Tí o kò bá lè fara da kí àwọn ẹbí máa ṣe àríyá kí ìwọ máa di téèpù mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, tètè mọ̀ báyìí.

Láti ilé ìwé girama

Bàọ́lọ́jì, kẹ́místrì, físíìsì, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò: kí kírẹ́díìtì wà nínú gbogbo wọn. Má fi físíìsì sílẹ̀ torí o rò pé eré sísá ni ọ̀rọ̀ wa. Bí orúnkún ṣe ń gbé ara, bí ọwọ́ ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, agbára àti ìwọ̀n ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Tí ilé ìwé rẹ bá ní ẹgbẹ́ Red Cross, wọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì tí o bá rí níbẹ̀ máa wúlò.

Yan ọ̀nà tí o fẹ́ gbà

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ti ọdún mẹ́ta pẹ̀lú méjì: ní yunifásítì kan náà, o máa fi ọdún mẹ́ta ka ìpìlẹ̀, o máa wọ másítáàsì ní ọdún kẹrin, o sì máa jáde lẹ́yìn ọdún karùn-ún pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí méjèèjì. Ó ń gba owó ọdún kan là. Ṣùgbọ́n ó há: kò sí àyè láti kùnà nínú kọ́ọ̀sì, wíwọ másítáàsì kì í sì í ṣe ẹ̀tọ́ tó dájú, o ṣì gbọ́dọ̀ ní máàkì tí wọ́n ń fẹ́. Èkejì ni ti ọdún mẹ́rin pẹ̀lú méjì: o ka dìgírì àkọ́kọ́ níbi tó bá wù ẹ́, lẹ́yìn náà o wá másítáàsì níbòmíràn. Fún ọmọ tó ń ti Nàìjíríà lọ, tí ojú ọjọ́, oúnjẹ àti ọ̀nà ìkàwé ṣì máa ṣàjèjì sí lọ́dún kìíní, mo fara mọ́ ọ̀nà kejì jù. Ó fún un láyè láti mí.

Orúkọ tí dìgírì àkọ́kọ́ náà máa ń jẹ́ ni Exercise Science, Kinesiology tàbí Health Science. Orúkọ kò ṣe pàtàkì tó kọ́ọ̀sì inú rẹ̀. Ẹni tó ka bàọ́lọ́jì pọ́nńbélé náà lè wọlé.

Tó bá jẹ́ pé dìgírì àkọ́kọ́ nìkan ni agbára ẹbí rẹ ká, má rò pé ọ̀nà ti dí. Ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń pe iṣẹ́ náà ní athletic therapy, dìgírì àkọ́kọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ wọn fọwọ́ sí ṣì tó láti ṣe ìdánwò. York ní Toronto, Concordia ní Montreal àti Sheridan ní Ontario wà lára wọn. Ní Britain, Sport Rehabilitation lorúkọ rẹ̀, BASRaT ni àjọ tó ń fọwọ́ sí i, ọdún mẹ́ta ló sì sábà máa ń gbà. St Mary's ní Twickenham àti yunifásítì Salford ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń dàgbà ní Peckham tàbí Manchester, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó ronú Amẹ́ríkà.

Ohun tí o máa bi ilé ẹ̀kọ́ kí o tó gbà

Fún másítáàsì tí o ń fojú sùn, lọ wo àkọsílẹ̀ CAATE fúnra rẹ. Wo bóyá orúkọ ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀, àti bóyá wọ́n ti fi í sábẹ́ ìkìlọ̀. Lẹ́yìn náà, béèrè iye nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ń yege ìdánwò BOC, ìyẹn ìdánwò ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà, ní ìgbà àkọ́kọ́. CAATE béèrè pé kí àròpọ̀ ọdún mẹ́ta má dín ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì di dandan fún ilé ẹ̀kọ́ láti gbé àbájáde yìí síta fún gbogbo ayé. Tí o bá wá a tì lójúewé wọn, tí ẹni tó gbé fóònù sì ń yí ọ̀rọ̀ po, wá ibòmíràn.

Béèrè pẹ̀lú pé: níbo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́, báwo ló ṣe jìnnà tó, ṣé ọkọ̀ èrò ń dé ibẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ẹni tí kò ní mọ́tò kò lè dé pápá ilé ìwé girama tó wà ní ẹ̀yìn odi. Owó mọ́tò yìí kì í sí nínú ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń ránṣẹ́ sí òbí.

Àwọn kọ́ọ̀sì, àti bí o ṣe máa kà wọ́n

Márùn-ún ni CAATE dárúkọ tí o gbọ́dọ̀ ti kà kí o tó wọ másítáàsì: bàọ́lọ́jì, kẹ́místrì, físíìsì, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, pẹ̀lú anátọ́mì àti fisiọ́lọ́jì. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tún ń fi ẹ̀kọ́ oúnjẹ, ìṣirò sìtátísíìkì, fisiọ́lọ́jì eré ìmárale àti biomechanics (bí agbára ṣe ń ṣiṣẹ́ lára tó ń rìn) kún un. Kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ másítáàsì mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ láti ọdún kìíní, kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè sábẹ́ rẹ̀, kí o sì gbé e lọ bá olùdámọ̀ràn rẹ ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Má dúró kí ó pè ẹ́.

Anátọ́mì ni kí o fún ní àkókò jù. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lábẹ́ awọ kò lè mọ ohun tó já. Fún iṣan kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́rin ni kí o mọ̀: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lára egungun, ibi tó so mọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti okùn ìmọ̀lára tó ń rán an níṣẹ́. Mú ejìká: iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú sínú ihò rẹ̀, supraspinatus, infraspinatus, teres minor àti subscapularis. Kíkọ orúkọ wọn sórí páálí kò tó. Bẹ ọ̀rẹ́ rẹ kó jókòó, gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, fi ìka wá egungun palaba ẹ̀yìn rẹ̀, sọ fún un kó gbé apá sókè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o sì wá ibi tí iṣan náà ti ń le. Lẹ́yìn náà pa ìwé dé, kí o ya àwòrán rẹ̀ láti orí. Ohun tí ọwọ́ rẹ ti bà kì í tètè kúrò lọ́pọlọ.

So gbogbo ohun tí o bá kà mọ́ ìpalára kan. Ọrùn ẹsẹ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wàá rí jù. Tí agbábọ́ọ̀lù bá fi ẹsẹ̀ rọ́ sínú, okùn tó wà níwájú ní apá òde, anterior talofibular, ló sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá. Báwo ni o ṣe máa mọ̀ bóyá ó nílò àwòrán X-ray? Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ottawa: o máa tẹ ẹ̀yìn àti ṣóńṣó kókó egungun méjèèjì ọrùn ẹsẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sókè; o máa tẹ ìdí egungun gígùn tó wà lẹ́yìn ìka ẹsẹ̀ karùn-ún (fifth metatarsal), àti egungun navicular ní apá inú. Tó bá ń dùn ún nígbà tí o tẹ ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí kò lè fi ẹsẹ̀ náà rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó di ilé X-ray. Wò bí ọ̀rọ̀ anátọ́mì ṣe di ìpinnu létí pápá.

Ẹ̀kọ́ ìrònú ẹ̀dá kò kéré rárá. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n sọ fún pé okùn orúnkún rẹ̀ ti já, pé ó máa tó oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́, iwájú rẹ ló máa ti sunkún.

Ní ti máàkì, gbìyànjú kí GPA rẹ, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ, má lọ sísàlẹ̀ 3.0 nínú 4.0. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń gba ohun tó kéré sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fúnni lówó kì í sábà gbà.

Wákàtí létí pápá

Ọ̀pọ̀ másítáàsì máa béèrè ẹ̀rí pé o ti lo wákàtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ athletic trainer tó ní ìwé ẹ̀rí, tí o ń wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì, má dúró dé ìparí. Lọ sí ẹ̀ka eré ìdárayá yunifásítì rẹ, wá ọ̀gá athletic trainer, sọ ohun tí o fẹ́ ní ṣókí. Wọ́n lè béèrè ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára bíi ti hepatitis B, àti àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wá wọn sílẹ̀.

Wíwò ni iṣẹ́ rẹ níbẹ̀, ìtọ́jú kọ́. Má fọwọ́ kan eléré kankan láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ ní kí o ṣe é lójú òun. Má kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé rẹ, má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, má sọ̀rọ̀ ara wọn níta. Òfin Amẹ́ríkà le lórí àṣírí ìlera. Tètè dé, gbé omi, ká bándéèjì, fi ìbéèrè rẹ pamọ́ títí ìdánrawò fi parí.

Kí ni o máa wò? Wo bí ọ̀gá rẹ ṣe ń béèrè ìtàn kó tó fọwọ́ bà. Wo bó ṣe ń fi apá tí kò dùn wé èyí tó ń dùn. Wo bó ṣe ń dá kóòṣì lóhùn nígbà tí kóòṣì ń fẹ́ kí ọmọ tí orí rẹ̀ gbá ilẹ̀ padà sínú eré. Ibẹ̀ ni mo gbà pé iṣẹ́ yìí ti nílò ìgboyà jù: kí o dúró ṣinṣin níwájú ẹni tó jù ẹ́ lọ, kí o ní “rárá”.

Wo ètò ooru ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ìdánrawò bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀. Tí ooru bá mú eléré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tí ìgbóná inú ara rẹ̀ kọjá 40.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìlànà ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ rì í sínú omi yìnyín kó tutù, kí ọkọ̀ ọsibítù tó gbé e. Iwájú orí àti ẹnu kì í sọ òótọ́ ìgbóná inú ara ní irú àkókò yìí. Ihò ìdí ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ó lè tì ẹ́ lójú láti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló wà ńbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó kàn wá gan-an: ẹ̀jẹ̀ AS. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní i. Lọ́dún 2006, Dale Lloyd, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Rice ní Houston, ṣubú nígbà ìdánrawò, ó sì kú. Ẹ̀jẹ̀ AS ló ní. Láti 2010 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdánwò ẹ̀jẹ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn eléré ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀. AS kò ní kí èèyàn má ṣeré. Ohun tó ń fa ewu ni kí wọ́n máa sáré àsápajúdé léraléra láìsinmi, pàápàá nínú ooru, tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí ara kò tíì le. Kọ́ bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀: ẹni tí iṣan rẹ̀ há nítorí ooru, ara rẹ̀ á le gbagidi, á máa ké, ẹni tí AS dà wó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn rọ, iṣan rẹ̀ á rọ̀ lábẹ́ ọwọ́, ó sì lè ṣì máa bá ẹ sọ̀rọ̀. Ẹni tó wá láti ilé tí wọ́n ti ń béèrè “kí ni genotype rẹ?” kí ìgbéyàwó tó wáyé mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Sọ ọ́ nígbà tí o bá ń kọ̀wé wọlé, torí ìmọ̀ tó wúlò ni.

Tí ìwọ fúnra rẹ bá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ torí eré sísá tàbí bọ́ọ̀lù, tètè bá kóòṣì sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ìdánrawò rẹ, ìrọ̀lẹ́ náà ni wákàtí létí pápá. Àsìkò tí sáà eré rẹ bá parí àti ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ni o máa fi ṣe é.

Owó àti ìwé ìrìnnà

Ẹni tó wà lórí físà F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà, lè ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yunifásítì, kò sì gbọ́dọ̀ ju ogún wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Béèrè iṣẹ́ ní ẹ̀ka eré ìdárayá fúnra rẹ̀. Fífọ aṣọ eré àti títo omi máa mú owó díẹ̀ wá, ó sì máa mú kí wọ́n mọ̀ ẹ́. Kí o tó tẹ̀ sí ibikíbi níta ọgbà láti ṣiṣẹ́ tàbí kọ́ṣẹ́, yálà wọ́n ń sanwó tàbí wọn kò san, lọ bi ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, kí o sì gba ìdáhùn lórí ìwé. Àṣìṣe níbí lè ba físà jẹ́.

Kíkọ̀wé wọ másítáàsì

ATCAS ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò: fọ́ọ̀mù kan fún ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ó máa ń ṣí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti Amẹ́ríkà (oṣù Kẹfà sí Kẹjọ), ọdún kan ṣáájú èyí tí o fẹ́ wọlé. Jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn tó máa kọ lẹ́tà fún ẹ jẹ́ athletic trainer tó ti rí ẹ létí pápá. Nínú àlàyé nípa ara rẹ, má kọ pé o fẹ́ràn eré ìdárayá láti kékeré. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Sọ ìpinnu kan tí o rí ọ̀gá rẹ ṣe, kí o sì ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe é.

Tí o bá ti wà ní yunifásítì nílé

Kò pọn dandan kí o bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹni tó ń ka físíò ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìdí-Àràbà, tàbí tó ń ka Human Kinetics, ti ní púpọ̀ nínú ohun tí másítáàsì ń béèrè. Gba tíránsíkírípìtì rẹ àti àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan kí o tó kúrò nílé, torí wíwá wọn láti òkè òkun ń gba oṣù púpọ̀. Àjọ bíi WES ló máa yí máàkì rẹ sí ti Amẹ́ríkà. Ohun tó sábà máa ń kù ni wákàtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ athletic trainer tó ní ìwé ẹ̀rí, nítorí náà kọ sí ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú, kí o bi wọ́n bóyá wákàtí tí o lò pẹ̀lú físíò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù nílé máa wọlé.

Tó bá jẹ́ pé ilé ni o fẹ́ padà wá ṣiṣẹ́, kọ̀wé sí MRTB, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn físíò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí o tó lọ. Béèrè ohun tí ìwé ẹ̀rí athletic trainer láti Amẹ́ríkà máa jẹ́ lójú wọn. Tó bá jẹ́ pé ìtọ́jú eléré nílé ni ọkàn rẹ wà, ó ṣeé ṣe kí físíò nílé, pẹ̀lú másítáàsì lórí eré ìdárayá, sàn fún ẹ.

Lẹ́yìn másítáàsì ni ìdánwò BOC, ìbéèrè 175 fún wákàtí mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn èyí ni ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ tí o fẹ́ gbé. California nìkan ni kò ní òfin lórí iṣẹ́ náà. Bẹ̀rẹ̀ ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ kí èsì ìdánwò tó jáde, torí agbanisíṣẹ́ kì í fẹ́ dúró, àyè ọdún kan tí F-1 fún ẹ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kò sì ní dúró dè ẹ́.